Pátákó Ọkọ̀ Ogun Létí Odò Ògùn

Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ogun ojú omi ló ni ọkọ̀ náà. Bí mo bá pè é ní ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ á ní irin ni. Ohun tó wà láàárín ọkọ̀ àti irin yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé àgbàlagbà méjì ká, èmi tí mo sì kàwé gboyè nínú ìmọ̀ èdè, èmi ni mo tún lọ da omi sí ẹrọ̀fọ̀ náà.

Ibi àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì la ti pàdé. Nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn bíi tiwa, ìjọba a sì máa pè wá lóòrèkóòrè pé ká wá fi ara wa hàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé a ò tí ì kú. A tò láti òwúrọ̀. Nígbà tó kan ọkùnrin tó wà níwájú mi, akọ̀wé wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ohun tí ìwé yìí sọ ni pé ẹ ti kú."

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ bá mi bi ìwé náà léèrè, kí ló pa mí?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo kúrò lórí ìlà, ẹlòmíràn sì gba àyè mi. Báyìí la ṣe di ọ̀rẹ́.

Mówè ni èmi ń gbé, nínú ilé tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n tó kó kúrò l'Ékòó. Ìbàfò ni tirẹ̀ wà, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó dorí kọ odò. Kúùkù ni nínú iṣẹ́ ogun. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi se ìrẹsì fún àwọn tó ń ṣọ́ òkun. Ó ní òun kò yìnbọn sí ọ̀tá kankan rí, àmọ́ gbogbo àwọn tó yìnbọn, òun ló bọ́ wọn.

Ọkọ̀ náà wà nínú ẹrọ̀fọ̀ létí Odò Ògùn, ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Àwọn awayanrìn ló fi í sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ wọn tán, wọ́n ní kó máa mú un, nítorí pé wíwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ á ni wọ́n lára. Ó gùn tó ilé oníyàrá mẹ́fà. Ó ti dípẹtà débi pé àwọ̀ rẹ̀ dà bí epo pupa tó dì. Igi kékeré kan ti hù níbi tó yẹ kí atukọ̀ máa dúró sí, ẹyẹ sì ti kọ́ ìtẹ́ sórí igi náà. Lójú tèmi, kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wa iyanrìn. Lójú ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ ogun ni, ọkọ̀ ogun tí ìjọba tà nígbà tó gbó, tí àwọn awayanrìn rà. Kì í tún ṣe ọkọ̀ ogun kan ṣáá o. Ó ní inú rẹ̀ gan-an ni òun ti se oúnjẹ nígbà tí irun orí òun ṣì dúdú.

Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú mi lọ wò ó, ó mú mi wọ yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn, ó ní ilé ìdáná òun nìyẹn, ó fi ìka tọ́ka sí àmì dúdú kan lára irin.

"Ṣé ẹ rí ibí yìí, Alákọ̀wé? Ọjọ́ tí ìgbì gbé wa sókè tí epo dà sínú iná ni. Èmi ni mo jó ibẹ̀."

Mo wo àmì náà. Ó lè jẹ́ iná, ó lè jẹ́ ìpẹtà. Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Mo rí i."

Ìyàwó rẹ̀ kò rí i, kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ inú rẹ̀ rí. Ohun tí òun rí ni pé ilé tí wọ́n ń gbé kò tí ì ní òrùlé tán. Yàrá méjì iwájú ní páànù, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, yàrá tirẹ̀ àti ilé ìdáná ń wo ojú ọ̀run, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń fi ọ̀dà àti àkísà dí ihò lára irin inú ẹrọ̀fọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó fara dà á, ó fara dà á. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin wọn tó wà ní Ìfọ̀ bímọ, ìyá bá lọ bá a wẹ ọmọ. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń lọ wẹ ọmọ: oṣù kan, oṣù mẹ́ta, ká tiẹ̀ fà á dé oṣù mẹ́fà. Ìyá kò padà. Ọmọ jókòó, ọmọ hu eyín, ọmọ rìn. Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, ọmọ tí wọ́n lọ wẹ̀ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀, ó ti ń gbé àpò kọ́ èjìká lọ sí ilé-ìwé.

Ọ̀rẹ́ mi kì í sọ pé àárò rẹ̀ ń sọ òun. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Alákọ̀wé, ọbẹ̀ tí èèyàn bá dá sè, iyọ̀ rẹ̀ kì í dúró." Kúùkù ọgbọ̀n ọdún ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n bá òun lọ sí Ìfọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́.

A bá ìyá lẹ́yìnkùlé ọmọ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò dìde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ kúnlẹ̀ tí eékún kò gbà.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìyá wa, mo wá mú yín lọ sílé ni."

"Ilé wo? Èyí tí òṣùpá ti máa ń wá bá mi sùn?"

"Mo ti ń ṣètò páànù."

"Láti ìgbà wo? Ẹ̀yin tí ẹ ń kun irin lọ́dà."

"Ọkọ̀ ni."

"Irin ni."

"Ọkọ̀ ogun ni, ìyá wa."

Ó yẹ kí n dákẹ́. Àmọ́ ojú ọ̀rẹ́ mi ṣe mí láàánú, mo bá la ẹnu mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ti Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kan ni mo lò níbẹ̀ nígbà tí mo lọ kàwé fún oyè kejì, ọdún tí òtútù ń wọ egungun mi lọ́wọ́ alẹ́ tí n kò sì mọ ẹni tí n bá sọ ọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, tí kò bá sí ibi tí mò ń lọ, mo máa ń rìn létí odò tó la ìlú náà já. Mo sọ fún ìyá bí wọ́n ṣe so ọkọ̀ ogun ńlá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ odò bí ẹni so ewúrẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ẹnu ìbọn rẹ̀ ga ju òrùlé lọ, àwọn ọmọdé sì ń lá áísìkirimù lábẹ́ ìbọn náà. Mo sọ ti ọkọ̀ onígbòkun kan tó ti ru tíì la òkun já rí, tí wọ́n gbé e gúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí wọ́n ń nu ún lójoojúmọ́ bí ẹni ń nu àga pálọ̀. Mo ní mi ò wọ ọ̀kankan nínú wọn. Ìta ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa wò wọ́n títí òtútù á fi pa etí mi. Mo ní ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ogun ti tán, síbẹ̀ wọ́n kò sọ ọkọ̀ náà nù, gbogbo ayé sì ń wá wò ó.

Ìyá fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó gbọ́ mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, àwọn òyìnbó tó ni ọkọ̀ yẹn, ṣé abẹ́ òrùlé ni ìyàwó wọn ń sùn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n." Ó bá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Irin ni. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá fẹnu ara rẹ̀ pè é ní ọkọ̀ létí mi, tí kì í ṣe ẹ̀yin, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín oníwèé yìí, ọjọ́ náà ni mo máa padà sí Ìbàfò. Òrùlé wà o, òrùlé ò sí o, mo máa padà. Ṣé ẹ ti gbọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi ní òun ti gbọ́.

A ò tí ì dé ọjà Ìfọ̀ tí ọgbọ́n fi sọ sí mi nínú. Mo ní bó bá jẹ́ pé ká pè é ní ọkọ̀ ni ìṣòro, kí la ṣe tí a ò gbé pátákó síta, kí èèyàn máa wá wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ti Lọ́ńdọ̀nù? Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kó jẹ́ èdè òyìnbó. Mo kọ̀. Mo ní ta là ń pè? Ṣé ọba Gẹ̀ẹ́sì? Èdè wa ni ká kọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọkùnrin kan tó ń kọ pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, mo ya ìwé, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀:

ỌKỌ̀ OGUN
Ẹ WÁ WÒ Ó
AAGO MẸ́FÀ ÀÁRỌ̀

Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n fi ti aago síbẹ̀. Ó ní nínú iṣẹ́ ogun ojú omi, aago mẹ́fà ni wọ́n ń fọ ọkọ̀ tán, àlejò kì í wọ ọkọ̀ ẹlẹ́gbin.

A lọ jẹun, a padà dé ní ìrọ̀lẹ́. Pátákó ti gbẹ. Lẹ́tà rẹ̀ pupa, ó tóbi, ó rí rèǹtè-rente:

OKO OGUN
E WA WO O
AAGO MEFA AARO

Mo ní, "Àmì rẹ̀ dà?"

Ọkùnrin náà ní, "Àmì wo, sà?"

"Àwọn tó wà lókè lẹ́tà àti nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Háà, àwọn kín-ín-kìn-ìn-kín yẹn? Mo rò pé bíírò yín ló ń jò ni. Mo ti bá yín yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, sà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n dúpẹ́. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó o. Kí n kun pátákó tó mọ́ báyìí tán kí n wá to tó-tò-tó sórí rẹ̀? Wọ́n á ní eṣinṣin ló yàgbẹ́ sí i."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ó kúkú hàn. Ta ni kò ní mọ̀ pé ọkọ̀ ogun ni?"

Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà wa sì ti ń wọ́n. Èmi tí mo fi bíírò pupa gé máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí àmì ohùn kan péré, mo gbé pátákó náà sórí itan, mo gbé e délé. Mi ò ní wá àwáwí. Ó rẹ̀ mí ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè la rì í mọ́lẹ̀ létí márosẹ̀, ibi tí ọ̀nà odò ti yà, pẹ̀lú ọfà tó tọ́ka sí ìsàlẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ní wọ́n ti ṣí omi dáàmù lókè, odò ń kún díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti fi okùn mẹ́rin nínípọn so ọkọ̀ náà mọ́ èèkàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó bọ́jú tán, fóònù dún.

"Alákọ̀wé, ẹ máa bọ̀! Èrò ti kún! Mo ti pe Ìfọ̀, ìyá wa ti wà lọ́nà!"

Mo gun ọ̀kadà dé Ìbàfò. Òótọ́ ló sọ. Ọkùnrin àti obìnrin tò lórí ipa ọ̀nà náà, wọ́n wọ aṣọ ọ́fíìsì, wọ́n gbé bàtà dání nítorí ẹrọ̀fọ̀. Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu ọkọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, funfun báláú, bọ́tìnnì ikùn rẹ̀ méjèèjì kò dé ibi ihò. Bí ẹnì kan bá ti gòkè, òun á gbé ọwọ́ sí iwájú orí, á kí i. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jókòó sórí irin, wọ́n ń ti ara wọn. Ojú ọ̀rẹ́ mi ń dán.

Mo bá obìnrin kan tó gbé báàgì lé itan sọ̀rọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o. Báwo lẹ ṣe rí i?"

"Ìjókòó rẹ̀ le díẹ̀, sà, àmọ́ ó sàn ju gó-sílòó lọ. Aago mélòó ló ń gbéra?"

"Kí ló ń gbéra?"

"Ọkọ̀ Ògùn náà ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ wá wọ̀ ọ́, aago mẹ́fà àárọ̀. Ṣé Ìṣẹrì ló ń já sí tààrà?"

Pátákó náà dìde níwájú mi. Wò ti di wọ̀. Ogun ti di Ògùn. Lẹ́yìn obìnrin náà, ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Mo ti wà nínú ọkọ̀, sà. Rárá, sà, a ò tí ì kúrò. Ó kù díẹ̀, sà."

Mo fa ọ̀rẹ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣàlàyé. Mo ní wọ́n kò wá wo nǹkan kan, wọ́n rò pé ọkọ̀ èrò tó ń gba ojú odò lọ sí Èkó ni.

Ó ní, "Kí ni wọ́n pè é?"

"Wọ́n pè é ní ọkọ̀, àmọ́..."

"Kò sí àmọ́ níbẹ̀. Ẹ lọ jókòó, Alákọ̀wé. Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ sọ̀ títí ìyá wa á fi dé." Ó yíjú sí àwọn èrò, ó na ọrùn. "Ẹ fara balẹ̀ o! Ọkọ̀ ogun kì í kánjú!"

Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá rí ẹni tó ti jókòó, kì í béèrè nǹkan kan, á wá àyè tirẹ̀. Ẹnì kan ti ń kọ orúkọ sínú ìwé kí ẹlòmíràn má bàa gba ìjókòó onítọ̀hún. Mi ò mọ ẹni tó ní kó kọ ọ́.

Àwọn ìyá mẹ́ta láti ìjọ kékeré kan ní Mówè ló tẹ̀ lé e. Wọ́n so gèlè, wọ́n gbé Bíbélì, ojú wọn le. Èyí tó jẹ́ olórí wọn bi mí pé níbo ni ọkùnrin náà wà.

"Ọkùnrin wo?"

"Ọkọ ogún! Wọ́n kọ ọ́ sójú títì gbangba, wọ́n ní ká wá wò ó. Ogún obìnrin, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo! A ní a ò ní wò ó lásán, a máa gbàdúrà fún un."

Kí n tó la ẹnu, ó ti rí aláṣọ funfun. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni?"

Ọ̀rẹ́ mi rò pé wọ́n ń béèrè ẹni tó ni ọkọ̀. Ó nà ró. "Èmi ni."

"Gbogbo wọn pátá?"

"Láti iwájú dé ẹ̀yìn, mà. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Mo ń kùn ún, mo ń dí ihò rẹ̀."

Ìyá náà kígbe orúkọ Jésù, ó fi ọwọ́ tẹ fìlà iṣẹ́ ogun orí ọ̀rẹ́ mi mọ́lẹ̀, àwọn méjì tó kù di apá rẹ̀ mú, àdúrà sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi di ojú, ó ń ṣe àmín. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé wọ́n ń ya ọkọ̀ sí mímọ́ ni.

Ó tó nǹkan bí aago mẹ́wàá kí àwọn onílẹ̀ tó dé. Wọ́n jẹ́ márùn-ún, àgbà kan ló ṣáájú, àáké àti àdá wà lọ́wọ́ àwọn tó kù.

Àgbà náà ní, "Ta ló kọ ọ́ pé oko ogún òun nìyí? Ogún bàbá ta ni? Bàbá tèmi ló dá oko sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yìí!"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrọ̀fọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. "Ẹ má bínú, bàbá. Àmì ló bọ́. Kì í ṣe oko, ọkọ̀ ni. Kì í ṣe ogún, ogun ni."

"Ogun? Ṣé ogun lẹ tún fẹ́ bá wa jà?"

"Rárá, bàbá..."

"Ó tún fi ìyájú kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ká wá wó o. Ẹ wá wó o! Ó dáa, a ti dé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wó o!"

Àwọn ọmọ rẹ̀ yí ọkọ̀ náà po, wọn kò mọ ibi tí èèyàn ti ń wó irin. Ibi tí wọ́n ti ń rò ó ni ìyá ti Ìfọ̀ dé, ó ká ìró dé orúnkún, báàgì wà lórí rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba orí pákó gòkè, mo tẹ̀ lé e, ó kọjá láàárín àwọn èrò, ó dé ibi tí àwọn obìnrin mẹ́ta ti di ọkọ rẹ̀ mú, tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá a lé mọ́kàndínlógún kúrò kó ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

"Mọ́kàndínlógún kí ni?"

Olórí àdúrà ní, "Ìyàwó, mà. Ṣé ẹ̀yin náà wà nínú wọn ni?"

Ìyá wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó wo ikùn tó yọ láàárín bọ́tìnnì. "Eléyìí? Ogún?" Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀yin ìyá. Ẹyọ kan tó ní, kò rí òrùlé bò ó lórí."

Ọkùnrin onífóònù sún díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ wá jókòó síbí. Ọkọ̀ ti fẹ́ kún."

Ọ̀rẹ́ mi fò sókè. "Ẹ gbọ́! Ìyá wa, ẹ gbọ́ ohun tó pè é!"

Ìyá yíjú sí ọkùnrin náà. "Kí lẹ pè é?"

"Ọkọ̀ ni, mà. Èyí tó ń lọ Ìṣẹrì."

"Ta ló sọ fún yín pé ó ń lọ Ìṣẹrì?"

"Wọ́n kọ ọ́ sí pátákó."

Ìyá gbọn orí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ìgbà tó dùn ún fúnra rẹ̀. "Ẹ̀rí ẹni tí wọ́n tàn jẹ kì í ṣe ẹ̀rí, baálé mi. Kò lọ Ìṣẹrì. Kò lọ ibì kankan. Irin ni."

Mo rí i bí ojú ọ̀rẹ́ mi ṣe wálẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Òótọ́ ni. Mo mọ̀ látàárọ̀ pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ni."

Ariwo ta láàárín àwọn èrò. "Kò lọ Ìṣẹrì kẹ̀?" "Láti aago mẹ́fà?" "Ẹ bá mi pa orúkọ mi rẹ́!" Nínú ariwo yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́ àáké. Àgbà onílẹ̀ ti rí ohun tí èèyàn lè wó. Ó ní kí wọ́n gé okùn, kí wọ́n fa èèkàn tu, kí wọ́n ti irin náà kúrò lórí ilẹ̀ bàbá òun. Wọ́n gé ìkíní, wọ́n gé ìkejì. Nígbà tí wọ́n gé ìkẹrin, ohun kan kùn nísàlẹ̀ wa bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Ẹrọ̀fọ̀ tú u sílẹ̀. Odò tó ti ń kún láti ọjọ́ wọ̀nyí gbé e.

Ọkọ̀ náà léfòó.

Mo ń wo igi àgbọn etí odò tó ń rìn lọ sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé igi kì í rìn. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin onífóònù pariwo pé, "Sà! A ti gbéra!" Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá onádùúrà bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn tó yàtọ̀ pátápátá sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti dé ibi tí igi kékeré hù sí, ó di ẹ̀ka rẹ̀ mú bí ẹni tó ń tukọ̀, ó ń ké, "Ẹ jókòó! Ẹ má dúró lápá kan!" Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó, n kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyá ti jókòó sílẹ̀ pátápátá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ mú, ó ń ké bí èrò inú bọ́ọ̀sì tí dírẹ́bà fẹ́ gbé kọjá ilé:

"Ó wà o! Ó wà! Ẹ dá ọkọ̀ dúró! Ẹ bá mi dá ọkọ̀ yìí dúró, mo fẹ́ sọ̀! Ó wà o!"

Ọ̀rẹ́ mi bojú wolẹ̀. "Kí lẹ pè é?"

"Mo ní kẹ́ ẹ dá a dúró!"

"Kí lẹ ní kí n dá dúró?"

"Ọkọ̀! Ọkọ̀ yín! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Kò lè dá a dúró, kò sì sí ohun tó lè fi dá a dúró. Àwọn ewéko ojú omi àti igi ògùrọ̀ tó wà níbi kọ́nà odò ló bá a dá a dúró. Gbogbo ìrìn náà kò gùn ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ. Láti òkèèrè, a gbọ́ àgbà onílẹ̀ tó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Ó ti kúrò lórí ilẹ̀ wa. Ti àwọn ará ibẹ̀ yẹn ló kù," wọ́n sì gbé àáké wọn kọ́ èjìká, wọ́n lọ.

Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó dé orúnkún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé bàtà àti báàgì sókè. Ọkùnrin onífóònù ń sọ pé, "Ọkọ̀ ti takú lójú ọ̀nà, sà." Obìnrin tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kó tó lọ.

"Bàbá, ti ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Aago mélòó ló ń padà?"

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ìyá ṣì wà ní ìjókòó. Ó ń to gèlè rẹ̀ tó ti yẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi dúró ti í, kò mọ ohun tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ìyá ní, "Ẹnu ló yọ̀ sọ ọ́."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹnu ta ni?"

"Tèmi." Ó na ọwọ́ kí a fà á dìde. "Mo ti sọ ọ́, mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ gbé báàgì yẹn. Ṣé kọ́kọ́rọ́ iwájú ṣì wà níbi tí mo fi í sí?"

Mo bá wọn dé ilé. Ìyá wọ yàrá tirẹ̀, ó dúró sí àárín rẹ̀, ó gbé ojú sókè. Ìkùukùu kan ń kọjá lọ lókè ògiri rẹ̀. Ó ń wò ó, ọkọ rẹ̀ náà sì ń wo ìyá bó ṣe ń wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá ọ̀rẹ́ mi níbi kọ́nà odò pẹ̀lú àkàbà àti sípánà. Ó ń tú páànù irin orí ọkọ̀ ogun rẹ̀, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ìpẹtà rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Ó ní ó máa kárí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá ìyá, bóyá kó kù díẹ̀ fún ilé ìdáná. Mo di àkàbà mú. Bó bá tú ọ̀kan, ìyá tó dúró nísàlẹ̀ á gbà á, á fi ara igi ògùrọ̀ tì í, kò sì jẹ́ kí èyíkéyìí ṣubú.

Ó tú ti iwájú tán, ó tú ti àárín. Ó sún àkàbà lọ sórí yàrá kékeré tó ṣókùnkùn yẹn, èyí tí àmì dúdú wà lára irin rẹ̀, ó ti sípánà bọ ìdè àkọ́kọ́.

Ìyá yọjú wo inú yàrá náà. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó sì jáde.

"Ẹ fi ti ibí yìí sílẹ̀ níbẹ̀," ó ní. "Ilé ìdáná tèmi lè dúró."